Ihò Kejìdínlógójì

Ìwọ ẹlẹ́gbẹ̀rún ẹ̀wù,
ìwọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ọmọ ejò tó já sódò,
wọ́n mọ aṣọ àná rẹ, o ti bọ́ ọ.
Àwọn ọmọ ogun ara dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpèjúwe rẹ lọ́wọ́,
ìwọ náà lo ṣílẹ̀kùn fún wọn,
o ní, "Ẹni tí ẹ ń wá kò sí nílé."

Glasgow ni mo ti ń kí ọ, lóṣù kọkànlá,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tí ń ráhùn.
Mo bọ́ kóòtù tútù, mo wọ kóòtù funfun,
mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn.
Èmi náà ti pààrọ̀ aṣọ.

Serere ni wọ́n bí mi, nílẹ̀ Téèsò, ní Uganda,
níbi tí màlúù ti ń jẹ́ owó, tó ń jẹ́ ìyàwó, tó ń jẹ́ ẹkún.
Àǹtí Asekenye ra abo màlúù kan, funfun, oníwo kan.
Irù tí ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló bu òun náà jẹ lọ́rùn.
Kí àgbàdo tó gbó, ó ti ń sùn lọ́sàn-án.
Ó sùn lé ọkọ́ lórí. Ó sùn ti òkèlè lẹ́nu.
Lóru, ojú rẹ̀ á là kedere, á máa ka adìẹ tí kò sí.
Wọ́n ní ọ̀lẹ ni.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, má wò mí bí ẹni tí ń ṣeré.
Ní Ọjọ́bọ̀, mo kó mílíọ̀nù mẹ́wàá yín sínú ife tí kò tó ìdérí bírò,
mo ta yín níná mànàmáná, ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ara yín la ihò. Ibẹ̀ ni mo gbà kó jíìnì tí mo tún kọ wọlé:
apá kan láti ti àpótí aṣọ yín pa,
apá kan láti ara ẹran òkun tí ń tàn bí ewé tó gbiná.
Púpọ̀ nínú yín kú. N kò purọ́.
Mo pín ìyókù sínú àwo oníhò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún,
mo bu oògùn sí i, kí ẹni tí kò gba ẹ̀bùn mi lè lọ,
mo sì fi omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù bọ́ ẹni tó kù.
Àní níbí náà, màlúù ló ń bọ́ yín.

Ọjọ́ mẹ́fà.
Eilidh Rankine, tó kọ́ mi níṣẹ́, ń jẹ bísíkíìtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ó ní òun ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, òfo ni.

Lónìí mo fojú sí maikirosikópù.
Ihò kìíní, aṣálẹ̀. Ìkejì, aṣálẹ̀.
Mo ń kà wọ́n bí àǹtí mi ti ń ka adìẹ.
Ihò kejìdínlógójì:
iná.
Wínníwínní, aláwọ̀ ewé, ẹ ń jó nínú òkùnkùn
pẹ̀lú aṣọ kan ṣoṣo tí ẹ ó wọ̀ kú.
Ẹ lẹ́wà. Ó bí mi nínú pé ẹ lẹ́wà.

Eilidh pàtẹ́wọ́, tíì rẹ̀ dànù.
Ó ní kí n sọ yín lórúkọ, àṣà yàrá yìí ni;
ẹni tó ṣáájú mi fi orúkọ ajá rẹ̀ sọ tirẹ̀.
"Kí ló dé tí o ò fi ti àǹtí rẹ pè é?"
Ire ló ní lọ́kàn.
Bírò dúró lọ́wọ́ mi.
Obìnrin tí a pè ní ọ̀lẹ títí tó fi kú,
n kò ní fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tó pa á.
Mo kọ 38 sára ìgò,
mo tì yín mọ́ inú òtútù tí èémí ti ń di yìnyín,
mo fi bílíìṣì nu tábìlì.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan ń sùn lọ́sàn-án gangan,
ó yanu sílẹ̀, báàgì iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo wo ọrùn rẹ̀ títí.